Ẹ̀rọ Kò Mọ Àtàǹpàkò Ìyá Rónkẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka sẹ́nu ọ̀nà ibi tí a ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ ní Festac, èmi ni Bọ̀dá Délé, ọ̀gá wa, fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Ó ní ẹni tó kàwé ló yẹ kó mọ̀ ọ́n lò. Ìmọ̀ ewéko ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn, ẹ̀rọ á ka ìlà tó wà níbẹ̀. Ti Ìyá Rónkẹ́ kò ní ìlà mọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́: bí a ṣe ń po amọ̀, tí a ń yí i lọ́wọ́ títí á fi rí roboto, tí a ń fi igi ìgbálẹ̀ dá a lu, tí a sì ń fi sańpépà ha á bó bá gbẹ, kó tó wọ iná. Sańpépà kì í ha ìlẹ̀kẹ̀ nìkan. Láti ìgbà tó ti ń pọn Rónkẹ́ ló ti wà nídìí ẹ̀, Rónkẹ́ sì ti di ìyá ọmọ báyìí.

Ó nu ọwọ́, ó fi òrí pa á, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀.

"Yétúndé, kí ló ń wí?"

"Ó ní òun ò mọ̀ yín, mà."

"Sọ fún un kó wo ọrùn ìyá ẹ̀. Èmi ni mo ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀."

Àwọn obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ Bọ̀dá Délé kó jẹ́ kí n máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣàlàyé títí. Kò tilẹ̀ bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Ẹni tí ẹ̀rọ ò bá mọ̀, kò wá síṣẹ́ nìyẹn."

Ojoojúmọ́ ló ṣì ń wọlé wá ṣiṣẹ́, bí ẹ̀rọ ò tilẹ̀ kà á mọ́ wa. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ní Ìyá Rónkẹ́ kò wá síṣẹ́ rárá, kó máa lọ sílé. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ṣe lóṣù yẹn ti wà lọ́rùn àwọn oníbàárà.

Mo sìn ín dé Mile 2, níbi tó ti máa wọkọ̀ lọ sílé rẹ̀ ní Satellite. Èmi ni mò ń sunkún. Ó fa ọwọ́ mi, ó fi ìka ra àtàǹpàkò mi bí ẹni ń yẹ ìlẹ̀kẹ̀ wò.

"Tìrẹ náà ti ń dán," ó ní. "Tètè wá iṣẹ́ ìjọba."

Mo ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tuntun báyìí. Mo máa ń ní kí wọ́n wé aṣọ mọ́ àtàǹpàkò kí wọ́n tó mú sańpépà. Èmi fúnra mi kì í wé e. Bí aṣọ bá wà níbẹ̀, mi ò ní mọ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ṣì ti rí ṣákiṣàki.