Èmi, Àna Mi, àti Ọmọ-ọmọ Kan ní Ilẹ̀ Ireland

Mo rántí ìgbà tí mo fi ẹ̀yìn mi gbé ògiri ààfin kan dúró ní ilẹ̀ Ireland. Ògiri náà ga ju ilé alájà mẹ́wàá tí mò ń gbé ní Peckham ní London lọ, afẹ́fẹ́ òkun ń tì í bọ̀, àwọn òyìnbó sì ń sá kíjokíjo. Èmi nìkan ni mo yí ẹ̀yìn sí i. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo fi ọwọ́ kejì jẹ mọ́ínmọ́ín mi tán. Ẹni tí kò bá gbà á, kó wọkọ̀ lọ wò ó.

Ọmọ mi obìnrin ló ní ká lọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọmọ wọn rí òkè, kó rí òkun, kó rí ilé àtijọ́, kó má baà rò pé Peckham ni gbogbo ayé. Inú mi dùn, mo ra bàtà tuntun. Àfi ìgbà tí mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà mi, tí bàbá ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ẹ̀ wá kí mi, tòun ti fìlà òtútù. Wọ́n ti lọ gbé e ní Brockley kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ mi. Mo ní, “Hẹn-ẹn.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àna á mọ ohun tí “hẹn-ẹn” yẹn gbé pamọ́.

Àna mi yìí kò ṣe mí ní nǹkan kan o, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ọ̀gá ilé-ìwé ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi, ìwé kẹrin ni mo kà dé tí mo fi sá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, nígbà tí mo sì dé London, ọ́fíìsì ni mo ń gbálẹ̀ títí orúnkún mi fi kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí mo rò pé òun ò ní ni ọmọ-ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó máa ń wá gbọ́ ìtàn lọ́dọ̀ mi ní gbogbo Sátidé. Grandpa Peckham ló ń pè mí. Grandpa Brockley ló ń pe òun.

Iwájú mọ́tò la ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

“Àna mi, ẹ bọ́ síwájú.”

“Rárá o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fún wa níyàwó.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, tẹ́ ẹ gba ọmọ mi tọwọ́ tẹsẹ̀?”

Ọmọ mi pariwo láti ẹ̀yìn, “Daddy, ẹ jọ̀ọ́ o! Ọkọ̀ ojú omi ò ní dúró de ẹnì kankan!”

Mo borí. Mo fi ọ̀wọ̀ tì í síwájú, mo sì jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ọmọ mi, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọlọ́gbọ́n. Kò pẹ́ tí mo fi mọ nǹkan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ẹni tó wà níwájú ló ń kọ́kọ́ rí gbogbo nǹkan. “Wo màlúù!” “Wo òkè yẹn, ìkuukùu ti bo orí ẹ̀!” Ọmọ na ọrùn síwájú ní gbogbo ọ̀nà, ẹ̀yìn orí ẹ̀ ni mò ń wò.

Ilẹ̀ náà rẹwà, mi ò ní parọ́ ìyẹn. Koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ògiri òkúta kúkúrú pín oko sí wẹ́wẹ́ títí dé etí òkun, òjò á rọ̀, oòrùn á yọ, òjò á tún rọ̀ kéèyàn tó jẹ búrẹ́dì kan tán. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo ilẹ̀? Àna mi ni mò ń ṣọ́. Níbikíbi tá a bá ti rí ilé tó ti wó, á fi awò sójú, á ka pátákó tó wà níbẹ̀, ọmọ á sì di ìka ẹ̀ mú. Títí ọjọ́ kejì fi ṣú, ó ti pe Grandpa Brockley ní ìgbà mọ́kàndínlógójì. Ó pe èmi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ni pé kí n bá òun ṣí bisikíìtì.

Ní ọjọ́ kẹta, a dé ilé òkúta ńlá kan tí kò ní òrùlé mọ́, tí ibojì wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀. Àna mi dúró so okùn bàtà, ni mo bá yára fa ọmọ wọlé.

“Ilé ọlọ́rọ̀ kan nìyí,” mo ní. “Ìyàwó mọ́kànlá ló fẹ́. Yàrá wọn lo ń wò yẹn. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín sí pálọ̀, bí wọ́n ṣe sin bàbá tèmi sí pálọ̀ wa nílé.”

Ojú ọmọ là. “Inside the house? Grandpa, ẹ máa ń walk lórí ẹ̀?”

“A máa ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.”

Ó di ọwọ́ mi mú. Àṣé àna mi ti wọlé, ó ti ń ka pátákó. “Ilé ìjọsìn ni,” ó ní jẹ́jẹ́. “Àwọn àlùfáà tí kì í gbéyàwó ló ń gbé ibẹ̀.”

Ọmọ wò mí. “So no wives, Grandpa Peckham? Not even one?”

Ọmọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń gbóná bí ààrò. Mo ní orúnkún ń dùn mí, mo lọ jókòó síta. Àwọn yòókù gun òkè ilé ìṣọ́ gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lọ.

Kò pẹ́, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kékeré. Ọmọ-ọmọ mi ni. Ó já ọwọ́ ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àna mi, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí itan mi, ó ní, “Grandpa Peckham, tiyín ló dùn jù.” Àna mi dúró lókè níbẹ̀, ó ń wò wá bí ẹni tí òjò pa.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí, kò sì sẹ́ni tó máa bi í bóyá òótọ́ ni.

Irọ́ ni. Ọmọ náà ò wá. Òkè ló wà, ó ń juwọ́ sí àwọn ẹyẹ òkun, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti lọ. Àna mi ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ó nu omi òjò kúrò lórí òkúta, ó jókòó tì mí, ó ní, “Àna mi, èmi náà, pálọ̀ la sin ìyá mi sí. Mi ò sọ ọ́ fọ́mọ yẹn rí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ẹ sọ ti bàbá yín fún mi.” Mo sọ ọ́ fún un, mi ò fi nǹkan kan kún un.

Mo ṣì ń jowú ẹ̀ dòní. Ó kàwé jù mí, ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ jù mí, nígbà tó sì di pé kí ẹnì kan nínú wa ṣe ohun tó yẹ àgbà, òun náà ló tún ṣáájú mi ṣe é.