Ìwé Tí Wọ́n Fi Di Ẹ̀pà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìwé wo ló dùn jù nínú gbogbo èyí tí mo kà lọ́mọdé, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí àjẹ́ tí kò ní òjìji fà wọ inú kànga, tí ìyá rẹ̀ sì ń sùn fọnfọn nínú ilé. Ẹ̀rù rẹ̀ wọ̀ mí dé eegun, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ó ku díẹ̀ kí n kà á tán ni mo kígbe lójú oorun, ni màmá mi bá gbẹ́sẹ̀ lé e.

"Ìwé èṣù!" Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Téjúoṣó, wọ́n fi í fún ẹlẹ́pà tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wọn pé kó máa ya á fi di ẹ̀pà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ṣé ọmọ yẹn jáde àbí kò jáde?

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi wọlé wa ní Sùúrùlérè, wọn ò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà. Ìwé náà wà lábẹ́ abíyá wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya dànù.

"Wá! Kí ló padà ṣẹlẹ̀ sọ́mọ inú kànga yẹn?"

Ọjà ló dá tí wọ́n fi mú un lọ́wọ́ ẹlẹ́pà, pé kí àwọn kàn yẹ ojú ewé kan wò. Kí wọ́n tó mọ̀, ìtàn ti gbé wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìwé ni ẹlẹ́pà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Odindi ìyá ìjọ bíi màmá mi wá ń sáré káàkiri ọjà, wọ́n ń gba bébà lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà! Wọn ò rí ìparí ọ̀hún kó jọ.

"Màmi, mi ò tíì kà á débẹ̀."

A wo ara wa, a sì bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

"Ó dáa, èmi á parí ẹ̀. Ìyá wo ló máa sùn tọ́mọ ẹ̀ wà nínú kànga? Ó jí! Ó so ìró mọ́dìí, ó bẹ́ sínú kànga, ó fa ọmọ ẹ̀ jáde, ó wá gbá àjẹ́ yẹn létí."

"Àjẹ́ yẹn ò ní òjìji o."

"Ṣé kò létí ni?"

Nígbà tí mo dàgbà, mo rí odindi ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Yábà. Mo dúró ka ìparí rẹ̀. Ọmọ náà dá jáde fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣì ń sùn. Mo ní, "Irọ́ ńlá!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú wò mí.

Èrò mi rèé: ìwé náà dára, ẹ rà á fọ́mọ yín. Àmọ́ ẹ fi ìparí rẹ̀ di ẹ̀pà, kí ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ jí.