Ìyẹ́ Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé

Títí di òní, bí àkùkọ bá kọ ní Kpata, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́ja, àwọn tó mọ olóògbé Dókítà Oyèníyì á wo ojú ara wọn, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Salome ló fà á. Dókítà ń kọ́ àwọn tó ń gba oyè másítàsì nípa ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja nílé rẹ̀ wà. Lọ́dún 1984, ó rán Salome, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wá sí Kpata pé kó bi ogójì ìyá ọlọ́mọ léèrè ohun tí wọ́n jẹ lánàá, kó sì fi kọ ìwé ìwádìí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Salome fi parí gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Dókítà ka ìwé náà tán. Ó wọ bàtà, ó ní kó máa tẹ̀ lé òun. Bí wọ́n ṣe dé Kpata ni àkùkọ kan kọ.

"Salome, kí ló ń kọ yẹn?"

"Àkùkọ ni, sà."

"Kò lè jẹ́ àkùkọ. Nínú ìwé rẹ, wọ́n ti jẹ ìyẹn láti ọjọ́ Túsìdeè."

Nínú ogójì ìyá, mẹ́rìndínlógójì ló sọ pé ìrẹsì àti adìẹ làwọn jẹ, Salome sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà ò bínú sí àwọn ìyá náà. Ó ní, "Àlejò lo jẹ́, o mú bírò dání. Ta ló máa jẹ́wọ́ fún àlejò pé ẹ̀kọ lásán lòun mu sùn?"

Ó mú un lọ sí ìdí ààtàn lẹ́yìn ilé kan. Èèpo iṣu wà níbẹ̀, háhá àgbàdo wà níbẹ̀, egungun ẹja wẹ́wẹ́ náà wà.

"Ìyẹ́ dà? Ilé tó bá jẹ adìẹ, ìyẹ́ á wà lẹ́yìnkùlé."

Ibẹ̀ ni Ìyá Sàláhúdéènì, onílé, ti yọ sí wọn, ó kí wọn bí àwọn ará Okun ṣe ń kíni.

"Okun o, Dókítà. Kí lẹ sọ nù sínú ààtàn mi?"

"Okun o, Ìyá. Adìẹ tẹ́ ẹ jẹ la wá kí."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. "Ẹ ní kí ọmọ yìí wá bá mi dáná. Á fojú ara rẹ̀ rí ohun tí mò ń jẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà ṣe dájọ́ pé òun ò ní buwọ́ lu ìwé náà àfi tí Salome bá dáná nínú ogójì ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Salome fẹkún bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ìjọba kan ń dúró dè é ní Ìlọrin, bí kò bá sì gba oyè náà kí ọdún tó parí, wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn.

Dókítà ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ò yó ní Kpata náà ń dúró dè ọ́. Ìwé rẹ ní ó ti jẹ adìẹ. Bí ìjọba bá ka ìyẹn, ta ló tún máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i?"

Irú ènìyàn tí Dókítà jẹ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gbà á lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin mẹ́káníìkì kan, Bámiṣayé, gbọ́ pé dókítà ń gbé ládùúgbò, ó gbé ẹ̀yìn ríro wá bá a. Dókítà ṣàlàyé pé dókítà oúnjẹ lòun, òun kì í fún ènìyàn lóògùn. Bámiṣayé fa àga, ó jókòó. "Kò burú, sà. Ẹ gbé oúnjẹ náà wá."

Nílé pàápàá, Dókítà kì í jẹun láìgbé oúnjẹ náà sórí òṣùwọ̀n.

"Fọlákẹ́, iyán òní fi díẹ̀ kéré sí tàná."

Ìyàwó rẹ̀ ò wẹ̀yìn. "Ọpẹ́ tẹ́ ẹ dá lánàá náà kéré."

Oṣù márùn-ún ni Salome fi dáná ní Kpata. Èéfín ta á lójú, ọwọ́ rẹ̀ le. Nígbà tó padà sí yunifásítì, tó sì tún ìwé náà kọ tán, adìẹ mẹ́rìndínlógójì ti di ẹyọ kan, èyí tí ilé kan pa fún ọmọ tuntun. Ó fi ránṣẹ́ sí Dókítà ní Lọ́kọ́ja, níbi tí àìsàn ti dá a dúró. Kí oṣù náà tó parí, Dókítà kú.

Salome wá kí opó rẹ̀, ojú sì ń tì í pé nínú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbuwọ́lùwé ló wà lọ́kàn òun. Kò tíì lanu tí opó náà, tó ń pè ní Màmá, fi gbé ìwé náà jáde. Dókítà ti buwọ́ lù ú. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó fi lẹ́tà tó ń gbọ̀n kọ ọ́ pé: Ìyẹ́ wà.

Salome rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Àárò ọkùnrin náà ti ń sọ ọ́ kó tó kúrò nílé rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ìbéèrè tó ti mọ́ ọn lára bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mà, kí ni wọ́n jẹ kẹ́yìn?"

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, omi nìkan ló ń gba ọ̀fun Dókítà kọjá.

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Iyán ni wọ́n jẹ, ọmọ mi, àti itan adìẹ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Salome wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò dìde. Ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí Màmá ti sọ ọ́: iyán, àti itan adìẹ.