Fíìmù Kòríà Tí Èmi àti Màmá Àgbà Jọ Wò

Nígbà tí wọ́n sé gbogbo ènìyàn mọ́lé nítorí kòrónà, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń gbé, nínú ilé wọn nítòsí Ṣàpọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, ìdájí ni mo máa ń wọ mọ́tò ní gáréèjì Kútọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní Èkó, ó sì di ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì kí n tó padà wọlé. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n ti ọ̀nà ni àwa méjèèjì tó wá ń jókòó pọ̀ ní pálọ̀.

Aṣọ ni Màmá Àgbà ń tà. Àwọn àti àbúrò wọn obìnrin ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ òwò náà, kí àbúrò tó bá ọkọ lọ sí Agége. Àsìkò ìsémọ́lé yẹn gan-an ni àìsàn ìtọ̀ ṣúgà pa àbúrò náà. Àárọ̀ ni wọ́n pè wá; kó tó di ìrun Àsárì, wọ́n ti sin ín. Kò sí ọkọ̀, Màmá ò lè lọ. Wọn ò sunkún. Tẹsùbáà wọn ni wọ́n ń fà ṣáá, wọn ò sì dárúkọ àbúrò wọn mọ́.

Fíìmù Kòríà kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi tí ẹnìkan níbi iṣẹ́ fún mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná wà, mo tàn án. Mo rò pé Màmá ń tòògbé ni. Inú ọjà aṣọ ńlá kan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Àìsàn wọ ìlú. Ẹni tó bá pa yóò tún dìde, yóò máa sáré bu àwọn alààyè jẹ. Àwọn ọlọ́jà bá ti ara wọn mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ìdì aṣọ dí ẹnu ọ̀nà.

Màmá lajú, wọ́n bi mí pé irú aṣọ olówó ńlá wo ni wọ́n ń bà jẹ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀ fíìmù náà, tí mo ń sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá torí pé kò sẹ́ni tó wẹ àwọn òkú náà, tó kírun sí wọn lára, ni wọn ò ṣe lè sinmi. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ táì, Màmá ní ojú ẹ̀ ò mọ́. Kò pẹ́ tó fi gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sá lọ. Mo rẹ́rìn-ín, Màmá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, obìnrin kan nínú fíìmù rí àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Àbúrò náà ti kú, ó ti di ọ̀kan lára wọn. Obìnrin náà ò ṣílẹ̀kùn, kò sì sá. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rán an létí ìgbà èwe wọn. Mo ṣì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Màmá ní kí n dá a dúró.

“Òun ráyè dágbére,” wọ́n ní. “Èmi ò ráyè.”

Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú wọn. Mo di ọwọ́ wọn mú. Nígbà tí wọ́n sunkún tẹ́rùn, wọ́n sọ fún mi bí àbúrò wọn ṣe máa ń sùn sórí aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ò bá sí, àti bó ṣe máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lórí fóònù kó tó kí wọn. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí wọ́n tó ní ká wo bí fíìmù náà ṣe parí.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, mo mú wọn lọ sí Agége. Wọ́n ṣe àdúà lẹ́bàá sàréè àbúrò wọn, wọ́n sì jókòó tì í pẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ.

Èkó ni mò ń gbé báyìí, Màmá náà sì ti papò dà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní fíìmù tó dáa, èyí ni mo máa ń dárúkọ. Wọ́n á ní ẹ̀rù rẹ̀ ti pọ̀ jù. N kì í bá wọn jiyàn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé kí n tún wọ mọ́tò padà sílé Màmá.