Tẹ́ḿpìlì Tí A Kọ́ Láìrí Ara Wa

Òórùn gọ́ọ̀mù àti páálí ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ilé wa ní ìlú Springdale, lókè òkun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Èmi àti màmá mi nìkan ni a jọ ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe ní ọsibítù méjì. Kí n tó ti iléèwé dé, wọ́n á ti lọ. Kí wọ́n tó padà láàárọ̀, bọ́ọ̀sì á ti gbé mi. Ara fíríìjì ni a ti ń kí ara wa, lórí bébà pélébé.

Olùkọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan àti òbí rẹ̀ jọ fi páálí kọ́ tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì fún ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. A kò gbọdọ̀ lo téèpù tàbí rúlà, nítorí pé ara ni àwọn ará ìgbàanì fi ń wọn nǹkan. Mo kọ ọ́ sí ara fíríìjì: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ìbú ìka kan fún ìgbọ̀nwọ́ kan. Màá gé ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ bá mi gé iwájú àti ẹ̀yìn: ogún ní fífẹ̀, ọgbọ̀n ní gíga.” Èsì wọn dé lọ́jọ́ kejì: “Ó ti yé mi, ọ̀gá bíríkìlà. Má fi páálí mi ṣòfò o.”

A ti kọ́ wa pé ibi tí wọ́n ti wa òkúta ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán, tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ ìró òòlù nígbà tí ilé náà ń dìde. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìyanu ni. Èmi ń rò ó pé ibẹ̀ á mà dá páropáro o, bíi pálọ̀ wa, níbi tí mo ti máa ń bá àjákù páálí wọn nílẹ̀, tí n kì í bá àwọn fúnra wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo to àwọn ògiri pọ̀. Wọn kò bá ara wọn mu. Tiwọn ga ju tèmi lọ. Sísọ́ọ̀sì ì bá tún un ṣe kíá, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbé e láti gé ohun tí wọ́n fi oorun wọn ṣe dànù. Mo sunkún, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọlé bá mi lórí ilẹ̀. “Áà! Ta ló kọ́ ilé wọ́gọwọ̀gọ yìí?” Wọ́n gbé ìka wọn sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Wo ìka mi bí iṣu! Ìka tìrẹ ló yẹ ká lò.”

“Rárá, Mọ́mì. Tiyín ni ká lò.”

Wọ́n jókòó tì mí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn, a tún tèmi gé. Wọ́n ń bi mí léèrè iléèwé, ọ̀rẹ́, eyín tó ń dùn mí, títí oorun fi gbé wọn lọ níbẹ̀, tí ọwọ́ wọn ṣì di ògiri kan mú. N kò mira rárá títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ.

Wọn kò lè wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọsibítù pè wọ́n. Èmi nìkan ni mo gbé e jáde, ó ṣì wọ́ díẹ̀. Olùkọ́ béèrè ẹni tí a jọ kọ́ ọ, mo sì dáhùn láìwo ilẹ̀ pé, “Èmi àti màmá mi.” Bí àwọn ògiri wọ̀nyẹn bá ti bá ara wọn mu ni, yàrá ni màmá mi ì bá wọ̀ lọ sùn tààrà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, tẹ́ḿpìlì wa ì bá gún régé, irọ́ ni ìdáhùn mi ì bá sì jẹ́.