Ọjọ́ Tí Mo Rí Kẹ́hìndé Mi Nínú Gíláàsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi, òní ni mo fẹ́ sọ ọ́ síta. Bẹ́ ẹ bá gbà á gbọ́, ó dáa. Bẹ́ ẹ ò bá gbà á gbọ́, n ò ní bá yín jà, torí èmi tó ṣojú mi gan-an, ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń bi ara mi pé ṣé kì í ṣe àlá ni mo lá.

Nígbà yẹn, Èkó ṣì ni olú-ìlú Nàìjíríà, wọn ò tíì kó ìjọba lọ sí Àbújá. Tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdímù. Ọ̀gá wa obìnrin fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún lọ wo mùsíọ̀mù méjì ní Èkó, àwọn ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, ó wá ní kí èmi àti Ìyá Dòtun kọ́kọ́ lọ yẹ ibẹ̀ wò, ká má baà kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tí kò dáa. Tíṣà bíi tèmi ni Ìyá Dòtun, ará Ìjẹ̀bú, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ta ni wọ́n máa ní kó lọ sí Èkó lọ́jọ́ iṣẹ́ tó máa kọ̀?

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, ẹ gbọ́ díẹ̀ nípa mi. Táyé ni mí. Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí èmi àti Kẹ́hìndé sí, obìnrin ni àwa méjèèjì. A ò tíì pé ọmọ ọdún méjì tó fi fi mí sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ohun tí àwọn àgbà máa ń wí ni pé ó lọ sí Èkó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ó lọ lóòótọ́ ni, mo sì máa ń bínú pé kò mú mi dání.

Ìyá mi ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún un. Ó ń wẹ ère náà, ó ń fi osùn pa á lára, bó bá sì se ẹ̀wà, yóò fi díẹ̀ kàn án lẹ́nu. Èmi náà máa ń pọ̀n ọ́n kiri bí ọmọ. Lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò, ó yọ́ bọ́ sínú iná, apá òsì rẹ̀ sì jó dé ìgúnpá. Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, ara mi ò tíì gbàgbé.

Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, a wá ère náà tì. Bàbá mi sọ fún ìyá mi pé Kẹ́hìndé ti lọ sí Èkó, ìyá mi ò sì bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó gbà pé ikán ti jẹ ẹ́, àbí pé ó já sínú iná lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ọkọ òun kàn ń fi ọgbọ́n túfọ̀ rẹ̀ fún òun ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ó ṣe é tọ pinpin?

Bàbá mi ti ṣaláìsí tipẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀dọ̀ mi ní Ìdímù ni ìyá mi ń gbé, ara rẹ̀ ò sì yá. Ó ń kírun ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, síbẹ̀ bí a bá ti se ẹ̀wà, yóò bu ṣíbí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, yóò máa wò ó títí yóò fi tutù. Ẹ̀rù ikú ò bà á. Ohun tó ń já a láyà ni ọmọ tó fẹ́ lọ bá. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Táyé, bó bá bi mí pé ibo ni mo jẹ́ kí wọ́n sọ òun sí, kí ni mo fẹ́ wí?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó. Ilé àkọ́kọ́ tí a dé, tẹlifóònù àtijọ́ nìkan ni wọ́n kó síbẹ̀, àwọn dúdú ńláńlá tó wúwo bí ọlọ. Ìyá Dòtun gbé ọ̀kan sétí, ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òun fẹ́ kí àwọn ará ọ̀run. Bó ṣe gbé e sílẹ̀ wéré báyìí, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun gbọ́ tí ẹnìkan ń mí. Mo wo wáyà rẹ̀, wọ́n ti gé e kúrò lára ògiri. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ Ìyá Dòtun ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé ilé kejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá nìyẹn.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsílì padà wá kọ́ ni ilé kejì, igi gbígbẹ́ nìkan ni wọ́n kó síbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ kakí, Bàbá Làsísì, ló ń mú wa kiri. Nígbà tí a dé yàrá àwọn ère ìbejì lókè, gbogbo ariwo títì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sán gangan ni o, ṣùgbọ́n òtútù mú mi. Wọ́n tò wọ́n sínú àpótí gíláàsì ní ìlà-ìlà, gbogbo wọn kọjú sí wa, àfi ọ̀kan ṣoṣo tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò to ìyẹn dáadáa. Bàbá Làsísì ní òun ti ṣíwọ́ títò ó. Ó ní bí wọ́n bá tò ó lónìí, ẹnu ọ̀nà ni yóò kọjú sí bó bá dọ̀la, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀gá àwọn ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà. Ó wá bi mí lórúkọ. Mo ní Táyé. Bàbá náà wò mí, ó kúrò níwájú gíláàsì.

Mo sún mọ́ ère náà. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nítorí omi ìwẹ̀. Apá òsì rẹ̀ dúdú, ó jó dé ìgúnpá.

Èémí mi bo gíláàsì, mo fi ọwọ́ nù ún kí n lè rí i dáadáa, kò nù. Mo tún nù ún. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú àpótí ni èémí náà ti wá. Ìyá Dòtun rí i pẹ̀lú, òun ló fà mí lápá, tó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Nígbà tí mo jókòó, Bàbá Làsísì ṣí ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó kó ère wá sí. Níbi tí wọ́n kọ ère náà sí, orúkọ bàbá mi ló wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbé e lọ, ó ní ohun ìjọba ni, pé kí n lọ mú ìyá mi wá wò ó.

Ẹnu rọrùn! Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún aláìsàn pé ọkọ rẹ̀ ló gbé ọmọ rẹ̀ fún àlejò? Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e mì. Ní ọjọ́ kẹrin, a se ẹ̀wà, ó tún bu ṣíbí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, n ò lè fara dà á mọ́. Mo sọ pé mo ti rí Kẹ́hìndé. Ó bi mí nípa apá òsì. Mo ní ó jó dé ìgúnpá. Ó ní kí n bá òun mú gèlè òun.

Ọkọ Ìyá Dòtun ló fi Pijó rẹ̀ gbé wa lọ. Àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìyá mi ń sinmi lé. Nígbà tó dé iwájú àpótí, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn báyìí, èémí kún inú rẹ̀, ó mú ìrísí ọwọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù bà wá gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò ba ìyá mi.

Láì bojú wẹ̀yìn, ó bi mí pé ta ló gbé e wá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ má bínú, bàbá mi ni."

Mo ń retí èpè. Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "Ó sọ fún mi. Ó ní Kẹ́hìndé ti lọ sí Èkó. Nígbà tí a di Mùsùlùmí, Ààfáà ò fẹ́ ère nílé wa mọ́, kò sì lè sun ọmọ rẹ̀ níná, ó gbé e wá síbi tí wọn ò ti ní jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Òótọ́ ló sọ fún mi, Táyé. Èmi ni mo rò pé ó ń tù mí nínú. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí mo lè wọkọ̀ wá wò."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá mi fi kú, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló lọ. Ní ti àwọn ọmọ iléèwé, a sọ fún ọ̀gá wa pé kó kó wọn lọ wo pápá ọkọ̀ òfuurufú jàre.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò le. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa gbà pé a mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa jù. Ká ní ìyá mi bi bàbá mi pé Èkó wo, bóyá oṣooṣù ni ì bá máa wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo ni wọ́n sọ fún yín nílé tẹ́ ẹ rò pé ó ti yé yín? Ẹ wá sọ ọ́ níbí, mo fẹ́ gbọ́. Àmọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó má tíì kọ̀wé sí mi, kó kọ́kọ́ lọ bi í.