Bí Suwebat Ṣe Kọ́ Láti Sọ Pé Ọwọ́ Ń Dun Òun

Suwebat, onídìrí ní Kétu, kò fi òtítọ́ dáhùn ìkíni rí láyé rẹ̀. Kódà bí ibà bá ń gbọ̀n ọ́n bí ewé, tí ẹ bá ní "Ṣé ara le?", "Ara le, a dúpẹ́" lẹ ó gbọ́. Ó gbà pé ẹni tó bá ń pe àìsàn, àìsàn á jẹ́ ẹ.

Nígbà tí pátákó ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àga já lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní Ìkòsí, tí ìka mẹ́ta ò ká mọ́, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbé búrẹ́dì méjì wá kí i. Kí ni Suwebat sọ? "Ara ti le, ọmọ mi." Ọkùnrin náà rọra gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ohùn yẹn ni lọ́yà ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́. Bí adájọ́ bá gbà á gbọ́, owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́ abẹ fún ìka náà ti lọ nìyẹn. Ìka yẹn sì ni oúnjẹ Suwebat.

Hidayat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣe akọ̀wé fún lọ́yà kan ní Ojota, káwọ́ lérí.

"Àǹtí Suwe, búrẹ́dì méjì lẹ ta ọwọ́ yín!"

"Ó kí mi ni. Ṣé kí n máa ké 'yéè' sí àlejò?"

Ni Hidayat bá fi ìborùn dúdú bora, ó gbé kànìnkànìn lé orí bí irun lọ́yà. "Ta ni olùpẹjọ́?"

"Èmi kọ́ o! Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

"Ẹ̀yin ni! Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù ni olùpẹjọ́, kì í ṣe oníjà. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ni olùjẹ́jọ́, òun ló máa wá ṣàlàyé. Ìwà àìbìkítà ńkọ́?"

Suwebat ronú. "Ìṣó kan ṣoṣo ló gbé pátákó yẹn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Levi tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ń sọ fún un, ó sì máa ń ní lọ́la lòun máa kàn án."

"Lọ́yà ni yín! Ó wá ku ìpalára, ìyẹn ohun tó ṣe yín gan-an. " Ó yí ohùn padà bíi lọ́yà ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. "Mummy, ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́—"

"Ẹjọ́ ti tán! Ẹ lọ jẹ búrẹ́dì!"

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ọmọbìnrin yìí fi ń ba dè é: lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, nídìí àwo ìrẹsì, bó ṣe ń ṣe sálámà parí ìrun. Gbogbo ìgbà ni ara ń le.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàárọ̀ o, Mummy. Ṣé ara le?"

"Ara..." Ọ̀rọ̀ ti dé ètè. Hidayat di àga mú.

Suwebat yọ òwú ìdirun nínú báàgì.

"Ìkíni nìyẹn, sà. Bí ẹ bá kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ara á le lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi lẹ ń béèrè, ẹ wò ó."

Ó gbìyànjú láti ká òwú náà mọ́ ìka. Ìka ò dáhùn. Òwú bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sídìí tábìlì adájọ́.

"Ó ń dùn mí," ló wí. Ó gbé ojú sókè díẹ̀, ó ń wò ó bóyá àjà máa já lù ú. Kò já.

Adájọ́ obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Èmi náà dáhùn pé ara le láàárọ̀ yìí, ẹ̀yìn sì ń dùn mí." Ó ní ìkíni kì í ṣe ẹ̀rí, ìwé dókítà ni ẹ̀rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó dájọ́: olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, òun ni yóò sanwó iṣẹ́ abẹ.

Ìyá Levi ló kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu géètì kóòtù. "Suwe! Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́!"

Hidayat yára wẹ̀yìn, bóyá lọ́yà yẹn ṣì wà nítòsí.